Wákàtí Mẹ́ta Lójúmọ́: Bí Gìtá Ṣe Fẹ́ Gba Ọwọ́ Òsì Ọmọ Mi

Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìwàásù, ọ̀gá akọrin ìjọ wa dìde, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo òbí tí ọmọ wọn ń kọ́ ohun èlò orin. Ó ní ọmọ tí kò bá lo wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nídìí gìtá tàbí dùùrù kò ní bá ẹgbẹ́ akọrin jókòó lọ́jọ́ ìkórè. Ó ní kí àwa òbí má ṣe máa kẹ́ wọn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Adùkẹ́ ọmọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun kò pàtẹ́wọ́, nítorí àtàńpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ kì í kan ọmọńdinrín mọ́, ìka àárín rẹ̀ kò sì lè ká dé àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀gá akọrin mọ̀. Láti ibi tó dúró sí, ó ń rí wa.

Ìkìlọ̀ yẹn ló mú mi kọ èyí. Ó ti ṣe tirẹ̀, ó kù kí n ṣe tèmi. N kì í ṣe dókítà. Aránṣọ ni mí ní Ìfànyìn, níhìn-ín létí bọ́dà Nàìjíríà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìgòlò, mo sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama. Ohun tí mo fojú ara mi rí àti ohun tí wọ́n sọ sí mi létí ni mo máa kọ. Èyí tí n kò bá sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀, màá sọ pé n kò sí níbẹ̀. Mò ń kọ ọ́ fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé gìtá, àti fún ẹni tí wọ́n ti sọ fún ní ọsibítù pé iṣan ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ti wú, tí kò sì mọ ibi tí yóò gbà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta gìtá ní ìjọ wa sọdá sí Nàìjíríà, tí kò padà wá. Gìtá wà nílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta kò sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Adùkẹ́ nígbà náà, ó wà lára àwọn tó ń kọrin. Lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń fọwọ́ kan gìtá náà, ó máa ń wá ohùn orin kiri lórí okùn kan ṣoṣo títí á fi rí i. Ọ̀gá akọrin rí i, ó ní kó máa gbé e lọ sílé. Ó bá wa wá olùkọ́ kan láti Àjàṣẹ́ olú-ìlú wa, Fòfó Víńsẹ́ǹtì. Fòfó ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níhìn-ín. Àwọn Gùn tá a jọ ń gbé ló ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹnu gbogbo wa ló ti ń jáde. Ọjọ́ Sátidé ló ń wá. Láàárín ọ̀sẹ̀, orí fóònù bàbá Adùkẹ́ ló ti ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ti Ìgòlò dé láti ibi tó ti ń ṣẹ́ owó.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo fi aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo lọ bá a.

Mo ní, “Fòfó, báwo ni kó ṣe máa ṣe é? Ìgbà wo ni kó bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni kó dáwọ́ dúró? Ọwọ́ ọmọdé ni o.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, gìtá kì í ṣe aṣọ tí ẹ máa fi téèpù wọ̀n.”

“Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ fún mi.”

Ó ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ti tó. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Adùkẹ́, ó ní, “Ìka rẹ á máa dùn ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Má torí ẹ̀ jáwọ́. Bó o bá ṣe ń ta á sí i ni ìrora yẹn á máa lọ.”

Mo fẹ́ kí ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Kò parọ́ nínú rẹ̀. Irin ni okùn gìtá, ó máa ń gé orí ìka ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, awọ ibẹ̀ á sì le tó bá yá, kò ní dùn mọ́. Orí ìka ló ń sọ. Kò sọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́, kò sọ̀rọ̀ àtàńpàkò, kò sì sọ fún ọmọ náà pé oríṣi ìrora méjì ló wà.

Èmi ni mo pín ìdajì wákàtí náà sí méjì. Mo mọ ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe fún ọwọ́. Bí mo bá ti fi abẹ́rẹ́ ká etí aṣọ kan tán, mo máa ń dìde, mo máa ń gbọn ọwọ́ mi kí n tó mú òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Adùkẹ́ á ta gìtá díẹ̀, á gbé e sílẹ̀, á lọ pọn omi tàbí gbá àgbàlá, á padà wá ta ìyókù. Aago ilé ìdáná ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ló fún mi lórúkọ tí àwọn oníbàárà mi náà wá ń pè mí, Ìyá Rọra. “Ìyá Rọra, ṣé kí n mí èémí báyìí, àbí kí n dúró de aago?” Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ara ọmọ náà le, awọ orí ìka rẹ̀ gbó bí Fòfó ṣe wí, ó sì ti ń mọ orin.

Ìkórè ló ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gá akọrin kéde nínú ìjọ pé ọmọbìnrin ni yóò ta gìtá fún wa lọ́dún yìí, irú rẹ̀ kò tíì sí rí ní agbègbè wa. Lẹ́yìn ìkéde yẹn, kò sí ẹni tó tún bi mí léèrè nǹkan kan lórí ọmọ tí mo bí. Bàbá rẹ̀ gba aago lọ́wọ́ mi, kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní gìtá ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé ìdáná.

N kò sí níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìta, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ni mò ń wà. Bàbá rẹ̀ ló máa ń jáde wá sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní Fòfó bi í pé, “Ṣé ó ti ń dùn?” Adùkẹ́ dáhùn pé, “Ó ti ń dùn, Fòfó.” Fòfó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o rí i? Fi kún un. Sọ ọ́ di wákàtí kan.” Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún béèrè. Ọmọ náà ní, “Ó ń dùn gan-an, Fòfó.” Fòfó ní ogo ni fún Ọlọ́run, kó fi kún un, kó di méjì. Nígbà tó di pé, “Fòfó, ó ń dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ,” ó di wákàtí mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ lọ ń sọ ọ́ káàkiri láàárín àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Ìgòlò. “Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ o, ó ní ó ń dùn!”

Èmi ń wo ọmọ náà nílé. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé kànrìnkàn ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fọ abọ́. Mo rò pé ọṣẹ ni. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé bó bá fẹ́ fún aṣọ, á fi ọwọ́ òsì di aṣọ náà mọ́ ikùn, á fi ọ̀tún nìkan lọ́ ọ. Bó bá fẹ́ ṣí ìgò, á fi eyín ṣí i. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, nítorí náà kò sí olùkọ́ kankan tó rí nǹkan kan ní ilé ẹ̀kọ́. Ní àárọ̀, kó tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, á ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ apá kó lè gbóná. Mo bi í. “Adùkẹ́, kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?” Ó ní, “Fòfó mọ̀ sí i, Màmá.”

Fòfó mọ̀ sí i. Mo gba èsì yẹn bí ó ṣe fún mi.

Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí mò ń wọn oníbàárà kan, mo pe Adùkẹ́, mo fi téèpù náà yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ká, mo tún yí òsì. Ẹni tó bá ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀tún ló máa ń tóbi díẹ̀. Ti Adùkẹ́, òsì ló tóbi jù, kì í sì í ṣe díẹ̀. Nígbà tí mo fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ àtàńpàkò rẹ̀, ó gbé èjìká sókè, ó di ètè rẹ̀ pọ̀.

Mo gbé gìtá náà, mo tì í mọ́ inú àpótí aṣọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, ilé dàrú.

“Ìyá Adùkẹ́, ṣé aṣọ lo fẹ́ rán fún ọwọ́ ni, tó o fi ń wọ̀n ọ́n?”

“Ọwọ́ yẹn ti wú. Ẹ wá wò ó.”

“Gbogbo ìjọ ti mọ̀ pé òun ni yóò ta á. Ṣé kí n lọ bá wọn sọ pé Ìyá Rọra ló ti gìtá mọ́ àpótí?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ni.”

Kò lọ sọ bẹ́ẹ̀. A fẹnu kò pé kí n mú un lọ sí sẹ́ǹtà, ilé ìtọ́jú tó wà nítòsí, kí wọ́n sọ ohun tó ṣe é.

A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa, bẹ́ńṣì ti kún. Ẹni tó bá ti orí alùpùpù ṣubú lọ́nà bọ́dà, wọ́n á gbé e kọjá níwájú wa, ìlà á tún gùn sí i. N kò bínú sí ìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn. Àwọn tá a jọ jókòó ni wọ́n bí mi nínú. Nọ́ọ̀sì tó ń pe àwọn ènìyàn béèrè pé kí ló ṣe ọmọ mi. Mo ní gìtá ni. Ó ní, “Kí ni gìtá ṣe é?” Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ gbọ́ ọmọ olówó! Àwa náà ń ta gìtá o, ibi tá a ti ń rin gbágùúdá ni!” Bẹ́ńṣì mì fún ẹ̀rín. Adùkẹ́ fi ìró mi bo ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì náà wò ó kíá, ó fún wa ní oògùn ìrora, ó ní kó sinmi. Kò sọ iye ìgbà tí yóò fi sinmi. Mo béèrè, ó ti pe ẹlòmíràn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ló burú. Ìrora náà rọlẹ̀, bàbá rẹ̀ ní ṣé òun kò wí, ó ṣí àpótí, ó gbé gìtá jáde. Ọmọ náà ń lo oògùn, ó ń ta gìtá lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Ohun tí ara fi ń sọ fún ènìyàn pé ó tó, oògùn ti pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ èyí nígbà náà, ní ẹnu mi, nínú ilé yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rù mi pọ̀ jù.

Ó ta gìtá lọ́jọ́ ìkórè. N kò ní parọ́, ó dára. Àwọn àgbà dìde, wọ́n jó dé iwájú rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Nígbà tí orin parí, ó fẹ́ gbé gìtá náà fún ẹnì kan, gìtá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó balẹ̀. Ọ̀gá akọrin ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti sán. Gìtá ló ní kí wọ́n yẹ̀ wò.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ yẹn kò di nǹkan mú mọ́. Àwọn ẹbí dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ń gbé ní Tchaada, Ìyá Tchaada ni gbogbo wa ń pè é. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó yẹ ọwọ́ náà wò, ó ní iṣan ló lọ́, kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun, òun mọ ọkùnrin kan tó ń to eegun.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá mi, ẹ ṣeun. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e dé ọsibítù ńlá ní Àjàṣẹ́.”

Ó wò mí. “Ìyàwó, ìwọ lo bí i. Àwa la ni ín. Ọsibítù tó o gbé e lọ ńkọ́, kí ni wọ́n fún ọ? Hóró oògùn.”

Òótọ́ ni, hóró oògùn ni wọ́n fún mi.

Mo bẹ ọkọ mi pé kó dúró. Ó ní òun á dúró. Ní ọjọ́ tí mo sọdá sí Ìdìrókò láti ra òwú àti aṣọ ìtẹ́nú, ó gbé ọmọ náà sẹ́yìn alùpùpù, ó gbé e lọ sí Tchaada. Nígbà tí mo dé ilé, wọ́n ti gbé e padà, ọmọ mi wà lórí ẹní, ó kọjú sí ògiri. Wọ́n ti fi omi gbígbóná jó ọrùn ọwọ́ náà, wọ́n ti fà á, wọ́n sì ti fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ yí i ká, wọ́n fi ètù dúdú ra á. Mo bi bàbá rẹ̀ pé abẹ wo ni. Ó ní òun kò wo abẹ.

Ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ náà wú dé ìgúnpá, ó ń dán, ó pọ́n bí epo. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá gba ẹní rẹ̀, á ké. Ìyá Tchaada ránṣẹ́ pé ìdọ̀tí inú ló ń jáde, kí a má fòyà. N kò dúró gbọ́ ìyókù. Mo pe takisí kan, mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ọmọ mi lórí itan, bàbá rẹ̀ jókòó síwájú, títí a fi dé Àjàṣẹ́.

Níbẹ̀ náà, ìlà wà. Ìlà láti gba káàdì, ìlà láti sanwó, ìlà láti rí dókítà. Mo gbé ọmọ mi kọjá gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ bú mi bú mi, n kò yíjú wo ẹnikẹ́ni.

Faransé ni dókítà ń sọ. Adùkẹ́ gbọ́ Faransé dáadáa, ṣùgbọ́n ibà ti mú un, ọ̀rọ̀ kò wọlé sí i létí, nítorí náà nọ́ọ̀sì àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Kétu ló ń bá a sọ ọ́ ní Yorùbá. Dókítà tẹ ìsàlẹ̀ àtàńpàkò. Nọ́ọ̀sì ní, “Ọmọ mi, ṣé ó ń dùn?”

Adùkẹ́ mi orí. “Kò dùn, Màmá.”

Dókítà tẹ ọrùn ọwọ́. Omijé ń ṣàn lójú ọmọ náà. “Níbí ńkọ́? Ṣé ó ń dùn?”

“Kò dùn.”

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo di orí Adùkẹ́ mú. Mo ní, “Adùkẹ́, kí ló dé tó o fi ń parọ́? Wọ́n fẹ́ tọ́jú ẹ ni. Sọ pé ó ń dùn!”

Ó wo bàbá rẹ̀, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọwọ́ lọ. Ó ní, “Bí mo bá ní ó ń dùn, wọ́n á tún fi kún un.”

Kò kọ́kọ́ yé mi. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ni wọ́n á fi kún. Adùkẹ́ ní, “Gìtá. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ fún Fòfó pé ó ń dùn, ó máa ń ní kí n fi kún un. Ó ní bí mo bá ń ta á sí i ló máa lọ. Mo ta á. Kò lọ.”

Ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Fòfó ń béèrè bóyá orin ti ń dùn. Ọmọ gbọ́ pé ó ń béèrè bóyá ọwọ́ ń dùn. Ó ṣáà ti sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ìka á máa dùn, bó bá ń ta á sí i á lọ. Ọmọ tí a kọ́ ní ilé, tí àgbà bá bi í léèrè, bí àgbà ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ni yóò ṣe fi dáhùn: ṣé ó ti ń dùn, ó ti ń dùn. Ìgbà mẹ́ta ni ọmọ mi ké pé ìrora ń pa òun, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n yin Ọlọ́run sí i létí, tí wọ́n sì fi wákàtí kún wákàtí. Ó rò pé oògùn ni wọ́n ń júwe fún òun. Ó ń lo oògùn náà bí wọ́n ṣe ní kó lò ó.

Bàbá rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Nígbà tí mo rí i lẹ́yìn náà, ó dì mọ́ igi kan nínú ọgbà ọsibítù. Ó ní, “Èmi ni mo di fóònù mú sí i létí.” N kò sọ pé kò sí nǹkan. Nǹkan wà.

Dókítà ṣàlàyé fún wa. Àwọn iṣan tó ń fa ìka ń gba inú ihò tóóró kan kọjá ní ọrùn ọwọ́. Iṣẹ́ àṣejù ti mú kí ibẹ̀ wú, ìsinmi nìkan ni ì bá wò ó. Àmọ́ gbẹ́rẹ́ ti wọ ibẹ̀, ìdọ̀tí ti bá abẹ wọlé, ó ti di ọyún nínú ihò tóóró náà. Ó ní àwọn á là á kíákíá. Mo bi í bóyá wọ́n máa gé ọwọ́ náà. Ó ní òun kò lè fi dá mi lójú pé àwọn kò ní gé e, ibi tí òun bá bá a ni òun máa mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n má ṣe kọ bí mo ṣe jókòó níta yàrá iṣẹ́ abẹ. Téèpù ìránṣọ mi wà lọ́rùn mi, n kò mọ̀ pé mo gbé e wá. Mò ń ká a mọ́ ìka, mò ń tú u.

Wọn kò gé e. Wọ́n là á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ojú egbò lójoojúmọ́, igbe tó ń ké nígbà náà ṣì wà ní etí mi. Owó oògùn, owó yàrá, owó aṣọ egbò: ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì lọ síbẹ̀, alùpùpù bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìjọ gbàdúrà fún wa. Ọ̀gá akọrin wá lẹ́ẹ̀kan. Kó tó lọ, ó béèrè ibi tí gìtá wà.

Fòfó Víńsẹ́ǹtì náà wá, ó gbé ọsàn wá. Nígbà tí mo sọ ohun tí ọmọ náà sọ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Màmá, orin ni mò ń béèrè. Gìtá ni mò ń gbọ́ lórí fóònù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?”

Mo ní, “Sátidé tẹ́ ẹ wá, ṣé ẹ kò rí ọwọ́ rẹ̀?”

Ó ní orí okùn ni òun máa ń wò.

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. N kò dárí jì í nítorí pé òótọ́ ni. Ó ṣì ń wá sí Ìfànyìn lọ́jọ́ Sátidé, ilé ọ̀gá akọrin ló ń lọ báyìí, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ tuntun jọ sí. Ìyá Tchaada kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní mo sọ fún dókítà pé òun ló fẹ́ pa ọmọ.

Bí Adùkẹ́ ṣe wà lónìí nìyí. Ọgbẹ́ ti san, àpá rẹ̀ gùn láti ìsàlẹ̀ àtàńpàkò dé ìdajì apá. Ó lè fọ abọ́, ó lè di aṣọ mú, kò lè fún un gbẹ. Òtútù òwúrọ̀ máa ń mú un níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni à ń lọ sí Àjàṣẹ́ sọ́dọ̀ kinẹ́, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ ọwọ́ ní bí yóò ṣe tún máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní ibi tí tèmi ti kọjá, ẹ má sọ̀rètí nù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tú aṣọ egbò, ìka kankan kò mì. Ọ̀nà náà lọ́ra, ṣùgbọ́n ó wà.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún béèrè gìtá. Mo sunkún kí n tó gbà. Kinẹ́ náà ló bá wa ṣe ètò rẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún, kó gbé e sílẹ̀, kó gbọn ọwọ́, kó sinmi ju iye tó fi ta á lọ, kó tó tún mú un fún ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí ìrora, kó fi ìṣẹ́jú kan kún un. Bí ìrora bá wà, kó dín in kù. Ẹnu Adùkẹ́ ló ń sọ pé ó tó. Kì í ṣe aago, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ìkórè. Ìka méjì ló fi ń tẹ okùn báyìí, ó ti rí orin tí ìka méjì tó fún.

Nínú ilé wa, a ti pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Bí orin bá dára, a ní ó dùn. Bí ọwọ́ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ní ó ń ro ó. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Kò pè mí ní Ìyá Rọra mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ọmọ yín bá ń kọ́ gìtá, ẹ pè é lónìí. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ wò ó. Ẹ má bi í pé ṣé ó ń dùn. Ẹ bi í pé, “Ṣé ọwọ́ ń ro ọ́? Ibo ló ti ń ro ọ́?” Bó bá ní orí ìka ni, awọ á le. Bó bá ní ọrùn ọwọ́ ni, tàbí àtàńpàkò, ẹ gba gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ má jẹ́ kó rò pé ó ṣẹ̀. Ohunkóhun tí ọ̀gá akọrin bá wí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un.